Ẹ̀rọ Ìfò Àgbékọ́yìn: Bí Wọ́n Ṣe Ń Darí Rẹ̀ àti Ohun Tí Àwọn Òǹwòran Rí

Ẹ̀rọ ìfò àgbékọ́yìn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí jetpack, ni ẹ̀rọ tí ènìyàn kan ṣoṣo ń gbé kọ́ ẹ̀yìn tí yóò sì gbé e kúrò nílẹ̀, láìsí ìyẹ́, láìsí àga, láìsí pápá ìgbéra. Ó ń ti afẹ́fẹ́ tàbí gáàsì gbígbóná sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbára, agbára náà sì ń ti ẹ̀rọ àti ẹni tó gbé e sókè. Bí agbára ìtì yìí bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìwúwo àwọn méjèèjì, awakọ̀ yóò dúró lójú kan nínú òfurufú. Bó bá ju ìwúwo náà lọ, yóò gòkè. Bó bá dín, yóò máa bọ̀ nílẹ̀. Àlàyé rẹ̀ kò gùn jù báyìí lọ. Síbẹ̀, láti ọdún 1961 tí ènìyàn ti kọ́kọ́ fi í fò láìso okùn mọ́ ara, kò tíì sí ìlú kankan tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ tàbí ọjà.

Níbikíbi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ yìí han àwọn èrò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi: epo rẹ̀ á pẹ́ tó báwo, báwo ni wọ́n ṣe ń yí i, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bó bá kú sókè? Àwọn kan máa ń fojú ìbéèrè ẹni tí kò mọ̀wé wo èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ló gba ọgọ́ta ọdún lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, wọn kò sì tíì rí ìdáhùn tó tán pátápátá sí èyí tó kẹ́yìn.

Ìṣẹ́jú-àáyá 21

Wendell Moore, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Bell Aerosystems ní ìpínlẹ̀ New York, ló ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó fò dáadáa. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì náwó sí i. Iná kankan kì í jó nínú rẹ̀. Àgbá mẹ́ta ló wà lẹ́yìn awakọ̀: méjì gba haidirójìn pẹrọ́ksáídì tó le gan-an, ẹ̀kẹta gba gáàsì náítírójìn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ti èyí tó wà nínú àwọn méjì yòókù jáde. Bí omi kẹ́míkà náà bá ti kan àwọ̀n tí wọ́n fi fàdákà bò, lójú ẹsẹ̀ ni yóò túká di ọ́síjìn àti ooru omi tí gbígbóná rẹ̀ ju 700 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru yìí ń gba páìpù méjì tó tẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká jáde sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ náà wọn kílò 57, agbára ìtì rẹ̀ sì tó láti gbé nǹkan bí kílò 130 sókè, awakọ̀ àti ẹ̀rọ pa pọ̀.

Moore fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e wọ̀, tí wọ́n so okùn mọ́ ọn kí ó má baà jábọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1961 okùn já, ó ṣubú láti ibi tí kò ju mítà méjì àbọ̀ lọ, egungun orúnkún rẹ̀ sì fọ́. Harold Graham ló gba ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún náà, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn tí Yuri Gagarin yí ayé ká nínú ọkọ̀ ojú sánmọ̀, Graham fò láìsí okùn fún ìṣẹ́jú-àáyá 13. Gbogbo ibi tó rìn kò ju mítà 34 lọ. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ó ti ń fi í hàn níwájú Ààrẹ John Kennedy ní ibùdó ológun Fort Bragg: ó gbéra láti inú ọkọ̀ ojú omi, ó fo omi kọjá, ó balẹ̀ níwájú Ààrẹ, ó sì kí i bí ọmọ ogun ṣe ń kí ọ̀gá.

Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ náà ti di ohun ìran. Ó jáde nínú fíìmù James Bond tó ń jẹ́ Thunderball ní 1965. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdíje Olympics ní Los Angeles ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984, Bill Suitor fi í fò wọ inú pápá ìṣeré, àìmọye ènìyàn sì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n káàkiri ayé. Ẹni tó rí Suitor lọ́jọ́ náà lè gbà pé kò ní pẹ́ mọ́ tí irú ẹ̀rọ yẹn yóò fi wà lórí àtẹ. Ohun tí ojú kò rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni pé epo inú rẹ̀ ń tán ní ìṣẹ́jú-àáyá 21. Aago kan ń dún ìkìlọ̀ sí etí awakọ̀ nínú akoto rẹ̀, nítorí ẹni tó bá jẹ́ kí epo tán kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀, ó ti kú tàbí ó ti yarọ. Ìdí nìyí tí àwọn ológun fi fi í sílẹ̀: ọmọ ogun wo ló lè fi ìṣẹ́jú-àáyá 21 jagun?

Kí ló dé tí epo náà kì í pẹ́? Agbára ìtì jẹ́ ìlọ́po iye nǹkan tí ẹ̀rọ ń tì jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan àti eré tó fi ń tì í. Ṣùgbọ́n okun tí ẹ̀rọ ń ná lé nǹkan náà lórí ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po eré náà pẹ̀lú ara rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ méjì gbé ẹrù kan náà, tí ọ̀kan ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ jáde jẹ́ẹ́jẹ́, tí èkejì ń ti ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jáde ní ìlọ́po mẹ́rin eré ti àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì dọ́gba ní agbára ìtì, ṣùgbọ́n èkejì yóò ná okun ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí èyí ni abẹ̀bẹ̀ hẹ̀líkọ́pítà fi tóbi tó bẹ́ẹ̀, nítorí èyí náà sì ni páìpù kékeré tó wà ní èjìká fi ń jẹ epo ní àjẹkì. Ohun tó mú kí ẹ̀rọ náà kéré tó láti gbé kọ́ ẹ̀yìn gan-an ló sọ ọ́ di wọ̀bìà epo.

Ọwọ́, ìbàdí àti etí inú

Ohun tó bá dúró nínú òfurufú lè dojú bolẹ̀ tàbí kó dà sẹ́yìn. Ó lè fì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ó lè yí lójú kan láti kọjú sí ibòmíràn. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ kó gbogbo èyí níjàánu, kó sì tún máa díwọ̀n epo tí yóò gbé e gòkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lórí ẹ̀rọ ti Bell, ọwọ́ ọ̀tún ń lọ́ ohun ìdíwọ̀n epo bí ọlọ́kadà ṣe ń lọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ń yí ẹ̀rọ náà lójú kan. Ìyókù wà lọ́wọ́ ara fúnra rẹ̀: awakọ̀ ń fi apá tẹ ọ̀pá méjì tó yọ síwájú, páìpù orí èjìká á tẹ̀ díẹ̀, òun náà á sì gba ibi tó tẹ̀ sí lọ.

Kí Moore tó bẹ̀rẹ̀ ni Charles Zimmerman, onímọ̀ ẹ̀rọ ní àjọ ìwádìí òfurufú ti Amẹ́ríkà, ti sọ pé ẹni tó bá dúró lórí ohun tó ń fò kò nílò ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú gígùn kí ó tó lè dúró ṣinṣin. Èrò rẹ̀ ni pé ara tí ń gbé wa nàró lórí ilẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ kan náà lókè. Ilé-iṣẹ́ Hiller dán an wò ní 1955 pẹ̀lú pẹpẹ olóbìrípo kan tí abẹ̀bẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀: bí ọmọ ogun tó dúró lórí rẹ̀ bá gbé ara síwájú, pẹpẹ náà á lọ síwájú. Òótọ́ ni Zimmerman sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹpẹ náà kò yára tó fún ogun, tí wọ́n sì pa á tì.

Ẹni tó bá dé Rally Time Market ní Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, yóò rí ohun tí Zimmerman ń sọ lórí àwọn obìnrin tó ń ru ọpọ́n ewé ẹ̀gẹ́ àti ẹja gbígbẹ gba àárín èrò kọjá. Ẹrù tó wà lókè orí yẹn kò ní ohun tó dì í mú. Bó bá fì díẹ̀, ó yẹ kí ó máa bá fífì náà lọ títí yóò fi ṣubú. Kò ṣubú, nítorí pé ọrùn àti ìbàdí ti tún un ṣe kí ẹni tó rù ú tó mọ̀ pé ó fì. Etí inú ló ń mọ̀ bí orí bá tẹ̀ tàbí tó yí. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti iṣan ń mọ ibi tí ìwúwo wà. Ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́ ń kó gbogbo ìròyìn yìí jọ, ó sì ń pàṣẹ fún iṣan láìdúró dè ìrònú. Ìdánrawò ọlọ́dún gbọọrọ láti ìgbà èwe ló sọ ọ́ di ìrọ̀rùn. Awakọ̀ jetpack ń wá irú ìrọ̀rùn kan náà, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi máa ń so okùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi gbà á.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà lókè tí kò sí lórí ilẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò kan nǹkan kan mọ́ tí yóò fi mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Nínú etí inú, omi inú àwọn ọ̀nà roboto mẹ́ta ló ń fi yíyí hàn, bí yíyí náà bá sì ń bá a lọ ní ìwọ̀n kan náà, omi náà yóò bá a dọ́gba, yóò sì dákẹ́. Ẹni náà á gbà pé òun ti dúró nígbà tó ṣì ń yí. Bí ó bá wá dúró lóòótọ́, etí á sọ fún un pé ó ń yí sí òdìkejì. Ojú nìkan ló lè tú irọ́ yìí fó, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ara nìkan ń darí fò nínú kùrukùru tàbí lóru.

Láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbà. Richard Browning, ará Britain tó dá Gravity Industries sílẹ̀ ní 2017, fi gbogbo ìdarí sílẹ̀ fún ara. Tọ́báìnì kékeré méjì wà ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn. Bí awakọ̀ bá ya apá sí ẹ̀gbẹ́, agbára tó ń tì sísàlẹ̀ dín, yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀. Bó bá kó apá sún mọ́ ara, yóò gòkè. Franky Zapata, ará Faransé, gbé tirẹ̀ lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ó dúró lórí pẹpẹ kékeré tí tọ́báìnì wà lábẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń tún ìdúró pẹpẹ náà ṣe láìdáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2019 ó gbìyànjú láti fo omi tó wà láàárín Faransé àti Britain, ó sì kùnà níbi tó ti fẹ́ balẹ̀ sórí ọkọ̀ láti gba epo. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ó tún gbìyànjú, ó gba epo lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, ó sì fo nǹkan bíi kìlómítà 35 náà ní ìṣẹ́jú 22. Ti kọ̀ǹpútà ló dára jù fún gbogbo ènìyàn. Ti Browning jẹ́ ìgbéraga fún ara ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le tí apá rẹ̀ sì lágbára ló lè lò ó.

Ìjákulẹ̀ àti ìbẹ̀rù

Kò sí ibi tí ìyàtọ̀ láàárín ìrètí àwọn èrò àti iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ti hàn ju ti Glenn Martin lọ. Ní New Zealand, láti 1981, ló ti ń ṣe ẹ̀rọ tí yóò fò fún ìdajì wákàtí dípò ìṣẹ́jú-àáyá 21. Ó lo ẹ́ńjìnnì tó ń jo epo pẹtiróòlù láti yí abẹ̀bẹ̀ ńlá méjì tó wà nínú agbada, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, èyí tó bá òfin tí a ṣàlàyé lókè mu: afẹ́fẹ́ púpọ̀, eré díẹ̀. Nígbà tó gbé e jáde níbi àfihàn ọkọ̀ òfurufú ní Oshkosh, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 2008, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọdún 16 ló gbé e gòkè. Ẹ̀rọ náà kò ga ju ìwọ̀n orí ènìyàn lọ, àwọn olùrànlọ́wọ́ sì ń sáré tẹ̀lé e, ọwọ́ wọn wà lára rẹ̀. Àwọn tó ti wo ìdíje Olympics ọdún 1984 ń retí irú ohun tí Suitor ṣe. Ohun tí wọ́n rí ni ẹ̀rọ ńlá aláriwo tí kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì rárá, tí kò sì ṣeé gbé rìn. Ọ̀pọ̀ ló kùn. Ìkùnsínú náà yéni, ṣùgbọ́n kò tọ́ sí Martin: àwọn tó di ẹ̀rọ mú ń ṣe ohun tí okùn Moore kò lè ṣe ní 1961.

Martin náà ló gbìyànjú jù lọ láti dáhùn ìbéèrè kẹta, ti kíkú lókè. Párásúùtì nílò àyè kí ó tó ṣí. Ẹni tó bá wà lókè ju ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà fò sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí kò ga tó ibi tí párásúùtì lè ṣí, wà ní àárín tí ikú wà, àárín yẹn gan-an sì ni jetpack sábà máa ń fò. Martin fi párásúùtì tí ohun abúgbàù ń jù jáde sí i kí ó lè tètè ṣí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011 wọ́n rán ẹ̀rọ náà gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 5,000 pẹ̀lú ère ènìyàn lórí rẹ̀, wọ́n ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀, párásúùtì náà sì ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà wọ ọjà ìpín ìdókòwò Australia ní 2015, ó sì kógbá sílé ní 2019 láìta ẹ̀rọ fún aráàlú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Vincent Reffet, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ẹ̀rọ ìfò oníyẹ̀ẹ́ tó jọ jetpack lò jù lágbàáyé, kú ní Dubai nígbà ìdánrawò. Ó ní párásúùtì lẹ́yìn, kò ṣí.

Ìbẹ̀rù mìíràn tún dé ní ọdún yẹn kan náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, àwọn awakọ̀ òfurufú tó ń bọ̀ ní pápákọ̀ Los Angeles ké sí ilẹ̀ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ọkùnrin kan tó gbé jetpack wọ̀, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 sókè. FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, wádìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàlúùnù ni àwọn awakọ̀ náà rí. Ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi hàn ni pé ojú ti yí padà: ní 1984, ẹni tó ń fò jẹ́ ìyanu, ní 2020, ó ti di ewu sí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfurufú ńlá.

Ẹni tó wà nísàlẹ̀

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa jetpack sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó gbé e wọ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì jù, ìtàn ohun ìrìnnà ní Monrovia sì fi èyí hàn. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Làìbéríà parí ní 2003, ọ̀dọ́ púpọ̀ fi alùpùpù akérò, tí wọ́n ń pè ní pehn-pehn níbẹ̀, wá oúnjẹ òòjọ́. Ó yára, ó ń wọ ibi tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, èrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba lé e kúrò ní àwọn òpópónà ńlá ìlú náà nítorí ìjàǹbá, kehkeh ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì gba ọ̀pọ̀ ipò rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó gun pehn-pehn nìkan ló dájọ́ fún un. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wà níbẹ̀.

Bí ẹnì kan bá fi ẹ̀rọ Bell fò kọjá lórí Rally Time, yóò ti gáàsì gbígbóná sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára tó tó 1,300 newton, sórí páànù, tapólì àti agboòrùn àwọn oníṣòwò. Ariwo rẹ̀ súnmọ́ 130 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Àwọn onímọ̀ ìlera ibi iṣẹ́ kò fẹ́ kí etí òṣìṣẹ́ gba ju 85 lọ fún wákàtí mẹ́jọ, àkókò tí wọ́n sì fàyè gbà ń dín sí ìdajì bí ariwo bá ti fi mẹ́ta pọ̀ sí i. Ní 130, kò kù tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Abẹ̀bẹ̀ ti Martin yóò dín ooru náà kù, ṣùgbọ́n ìjì rẹ̀ á ṣì fọ́n erùpẹ̀ sórí oúnjẹ. Pápákọ̀ òfurufú Spriggs Payne sì tún wà ní Sinkor, láàárín ìlú náà gan-an, tí àwọn ọkọ̀ òfurufú kékeré ń gòkè tí wọ́n sì ń balẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ti rí àyè lójú sánmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ẹ̀rọ tí kò gbé ènìyàn. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni dróònù ilé-iṣẹ́ Zipline ti ń gbéra ní Omenako ní Gánà, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn ilé ìwòsàn, tó sì ń fi párásúùtì kékeré sọ ẹrù sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀, ìyẹ́ ló gbé e dúró, ẹrù rẹ̀ kò sì tó kílò méjì. Ìyàtọ̀ láàárín kílò méjì àti àádọ́rin kílò ènìyàn ló pín ẹ̀rọ méjèèjì níyà.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfò ẹlẹ́nì kan lónìí ti ń yí sí iná mànàmáná. Jetson ONE, tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ ní Sweden, ní mọ́tò mẹ́jọ, kọ̀ǹpútà ń darí wọn, bí ọ̀kan bá sì kú àwọn yòókù lè gbé e. Ó ń fò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 péré, nítorí pé bátìrì ń tọ́jú okun tó kéré ju ti epo jẹ́ẹ̀tì ní ìlọ́po ogójì sí àádọ́ta fún kílò kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò béèrè ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fi irú ẹ̀rọ fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀ fò, ṣùgbọ́n ó kọ̀ fún un pátápátá láti fò lórí ibi tí ilé pọ̀ sí nínú ìlú àti lórí ibikíbi tí ènìyàn bá péjọ sí ní gbangba.